Henri de Toulouse-Lautrec: Ayàwòrán tí Itan Rẹ̀ Kán Lẹ́ẹ̀mejì

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ méjì kan. Itan ni apá ẹsẹ̀ tó wà láàárín ìbàdí àti orúnkún. Ìtàn ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, àmì ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ṣì wọ́n pè, bẹ́ẹ̀ ẹ ó sì bá àwọn méjèèjì pàdé níbí. Torí náà, ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e yìí sókè, kí ẹ má sì yára.

Wọ́n bí Henri de Toulouse-Lautrec ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1864, ní ìlú Albi, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí. Alphonse, bàbá rẹ̀, fẹ́ràn ẹṣin, ajá ọdẹ àti àṣá tí wọ́n fi ń dọdẹ. Adèle ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni bàbá àti ìyá yìí: ìyá Alphonse àti ìyá Adèle jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn àgbà kò ní gbà kí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ fẹ́ra. Láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé nígbà náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ àti owó wà nínú ẹbí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Wọ́n bí ọmọkùnrin mìíràn ní ọdún 1867, ṣùgbọ́n ọmọ náà kú lọ́dún kejì. Bí Henri ṣe di ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1872, wọ́n mú un lọ sílé ìwé ní Paris. Ibẹ̀ ló ti pàdé Maurice Joyant, ọ̀rẹ́ tí kò fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Ó mọ̀wé, ó sì ń kún etí ìwé rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹṣin. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le. Ó kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Ní ọdún 1875, wọ́n ní láti mú un kúrò nílé ìwé. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì ṣubú rárá nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1878, nínú ilé wọn ní Albi, Henri fẹ́ dìde lórí àga kékeré kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú. Kò jábọ́ láti orí ẹṣin, kò jábọ́ láti orí igi. Orí àga lásán ni. Síbẹ̀ egungun itan òsì rẹ̀ kán. Ọmọ ọdún 13 ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti ìyá rẹ̀ ń rìn ní Barèges, ìlú orí òkè tí àwọn aláìsàn máa ń lọ láti wẹ omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ó já sínú kòtò gbígbẹ kan tí kò jìn púpọ̀. Itan ọ̀tún ló kán lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà lórí ibùsùn. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ya àwòrán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Étienne Devismes, kọ ìtàn kan nípa ẹṣin, Henri sì ya àwọn àwòrán rẹ̀ fún un ní ọdún 1881. Bàbá tó ń retí ọmọ tí wọ́n ó jọ máa gun ẹṣin lọ sóko ọdẹ rí ọmọ tó ń ya ẹṣin sórí ìwé.

Egungun méjèèjì jinná, àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e ló ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àyà àti apá Henri ń dàgbà bíi ti ọkùnrin yòókù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di àgbà, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ lọ, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tún rèé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, a ní ó ń tiro. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e rìn ni wọ́n ń pè ní arọ. Ẹ má pe Henri ní arọ: gbogbo òru ló fi ń rìn káàkiri Paris.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé ìṣubú méjèèjì ló dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí egungun ọmọdé ṣe ń ṣe. Apá rírọ̀ kan wà ní ìpẹ̀kun egungun itan lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀ nítòsí orúnkún. Láti ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i, èyí tó wà nítòsí orúnkún ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bí itan ọmọ bá kán ní àárín, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ síbẹ̀ láti wò ó sàn, egungun náà á sì máa yára dàgbà. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tó kán lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan gùn ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè jẹ́ kí ojú egungun méjèèjì gun ara wọn díẹ̀ bó bá ń to itan ọmọ kékeré: ó mọ̀ pé yóò gùn padà. Bí ó bá jẹ́ apá rírọ̀ yẹn gan-an ló fọ́, ìgbà náà ni ẹsẹ̀ lè dúró sójú kan.

Nítorí náà, itan tó kán kò tó láti sọ bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe kọ̀ láti dàgbà, tàbí ìdí tí ọmọ fi ń kérora kó tó ṣubú. Ní ọdún 1962, àwọn dókítà Faransé méjì, Pierre Maroteaux àti Maurice Lamy, ṣàlàyé àìsàn kan tí wọ́n pè ní pycnodysostosis. Egungun ẹni tó ní in le ju ti ẹlòmíràn lọ, síbẹ̀ ó máa ń tètè kán. Kì í ga. Àgbọ̀n rẹ̀ máa ń kéré, ibi rírọ̀ tó wà ní àtàrí ọmọ ọwọ́ kì í sì pa dé dáadáa. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó ṣe Henri nìyẹn. Ẹ wo àwòrán rẹ̀: fìlà lórí, irùngbọ̀n bo àgbọ̀n. Ọmọ kì í ní àìsàn yìí àfi bó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá pa pọ̀. Àwọn dókítà mìíràn kò gbà, torí kò sẹ́ni tó yẹ egungun rẹ̀ wò. Èmi gbà pé ó súnmọ́ òótọ́ ju ọ̀rọ̀ àga lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá ọmọ tó ń tiro pé òun ni kò mójú tó o. Adèle wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Barèges. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dé ìdí omi ìwòsàn, wọ́n tilẹ̀ fi iná mànàmáná tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́.

René Princeteau, ayàwòrán ẹṣin tó jẹ́ adití, ló kọ́kọ́ kọ́ Henri níṣẹ́. Ní ọdún 1882, ó wọ ilé iṣẹ́ Léon Bonnat ní Paris, lẹ́yìn náà ti Fernand Cormon, níbi tó ti di ọ̀rẹ́ Vincent van Gogh. Ó wá fi àdúgbò Montmartre ṣe ilé. Ní ọdún 1891, ó ṣe pósítà fún ilé ijó Moulin Rouge: La Goulue ló ń jó níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà sókè. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìgboro, orúkọ Henri sì di mímọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ ló kún ibẹ̀: ẹsẹ̀ oníjó, ẹsẹ̀ ẹṣin, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Jane Avril, oníjó tó yà léraléra, ti wà nílé ìwòsàn nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin nítorí àìsàn tó ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ máa já pàtì.

Ọtí ló ba tirẹ̀ jẹ́. Ọ̀pá kan tiẹ̀ wà tó ní ihò nínú, ibẹ̀ ló ń tọ́jú ọtí sí. Ní ọdún 1899, wọ́n tì í mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Neuilly. Láti fi hàn pé orí òun pé, ó jókòó, ó sì ya àwọn eléré sákọ́ọ̀sì, ẹṣin àti ẹni tó ń gùn ún, láti inú ìrántí nìkan. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó padà sí ìdí ọtí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ó kú ní Malromé, nílé ìyá rẹ̀, lẹ́ni ọdún 36.

Alphonse gbé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí àwọn iṣẹ́ náà fún Joyant. Joyant àti Adèle kó wọn jọ, wọ́n sì fún ìlú Albi. Ilé tí wọ́n kó wọn sí ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1922, nínú ìlú kan náà tí ọmọ náà ti ṣubú lórí àga.