As-hamah, Ọba Hábáṣà Tí Ó Gba Àwọn Asásàálà

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn hijira àwọn Sàhábà sí Hábáṣà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sá lọ ni a máa ń sọ̀rọ̀ wọn jù. A kì í sábà bèèrè ohun tí ojú ọba tí ó gbà wọ́n rí nítorí wọn.

Annajaṣi tí a ń pè é kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọba Ọ̀yọ́ ní Aláàfin. As-hamah ni orúkọ rẹ̀, Aksum sì ni olú-ìlú ilẹ̀ rẹ̀, ní Ethiopia òde òní. Ìtàn tí Ibn Ishaq kọ sílẹ̀ fi yé wa pé òun pàápàá ti mọ ohun tí à ń pè ní kí a lé ènìyàn kúrò nílé. Àwọn ará ìlú pa bàbá rẹ̀ lórí oyè, wọ́n fi arákùnrin bàbá rẹ̀ jọba. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ náà gbọ́n, ẹ̀rù ẹ̀san bà wọ́n, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò kan ní 600 dírámù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àrá pa ọba. Kò sí ẹni tí ó já fáfá nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n bá sáré lọ gba As-hamah padà lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n sì dé e ládé. Oníṣòwò náà wá bèèrè owó rẹ̀. Ọba tuntun ní kí wọ́n san án.

Ní ọdún 615, bí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé láti Mọ́kà, Uthman àti ìyàwó rẹ̀ Ruqayyah, ọmọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wà lára wọn. Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin tí ó lé ní 80 dé, pẹ̀lú obìnrin àti ọmọdé. Àwọn Kuraeṣi kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n rán ìránṣẹ́ méjì pẹ̀lú ẹ̀bùn awọ dáradára, wọ́n pín in fún àwọn ìjòyè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọba. Àwọn ìjòyè ní kí a kó àwọn àlejò lé wọn lọ́wọ́. Ọba kọ̀ títí tí ó fi gbọ́ tẹnu Ja'far. Nígbà tí Ja'far ka Súrà Màríyámù, ọba sunkún. Ó sì dá ẹ̀bùn àwọn Kuraeṣi padà.

Níbẹ̀ ni wàhálà tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde sí i, wọ́n ní ó ti fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ nítorí ohun tí ó gbà nípa Ànábì Ísà. Kí ó tó jáde sí wọn, ó ti pèsè ọkọ̀ ojú omi fún Ja'far àti àwọn tirẹ̀: bí wọ́n bá ṣẹ́gun òun, kí wọ́n ṣíkọ̀ lọ síbi tí ó bá wù wọ́n, bí òun bá borí, kí wọ́n dúró. Ẹ wo ọba tí oyè ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó kọ́kọ́ ń wá ọ̀nà àlejò! Ó kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sínú ìwé, ó fi í sábẹ́ aṣọ, ó gbọ́wọ́ lé e níwájú wọn, ó ní Ísà kò ju èyí lọ. Wọ́n rò pé tiwọn ni ó sọ, wọ́n sì túká.

Ìgbà kan tún wà tí ẹnìkan dìde láti gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Umm Salamah, tí ó wà níbẹ̀, ròyìn pé ìbànújẹ́ irú rẹ̀ kò bá àwọn rí, nítorí ọba mìíràn lè má mọ ẹ̀tọ́ wọn. Zubayr tí ó kéré jù nínú wọn lúwẹ̀ẹ́ kọjá Náílì lórí awọ omi tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, láti lọ wo ibi tí ogun yóò yọrí sí. Ó sáré padà pẹ̀lú ìròyìn pé ọba ti borí.

Ní ọdún 628 ni Ja'far àti àwọn tí ó kù wọ ọkọ̀ méjì tí ọba fi ránṣẹ́ lọ sí Mẹ̀dínà. As-hamah kú ní nǹkan bí ọdún 630, Ànábì sì kó àwọn Sàhábà jọ láti kírun sí i lára láti òkèèrè.

Mọ́ṣáláṣí kan wà ní Negash, ní Tigray, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé sàréè rẹ̀ wà. Ogun bà á jẹ́ ní òpin ọdún 2020. Ní àkókò kan náà, àwọn ará Tigray tí ó lé ní 50,000 ń sá kọjá odò Tekeze lọ sí Sudan, wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n.