Ìtàn Ìgbésí-Ayé Alùfáà Henry Venn àti Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́ ti Abẹ́òkúta

Ní ọdún ayọ̀ yìí tí a ń ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa, kò ṣòro láti gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ti Alùfáà Townsend àti ti Alùfáà Hinderer lẹ́nu tọmọdé tàgbà, nítorí pé àwọn wọ̀nyí fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí kò fojú kan Èkó tàbí Abẹ́òkúta títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe. Alùfáà Henry Venn ni, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀n láti 1841 títí di 1872. Àwọn àlùfáà wa mọ̀ ọ́n nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti òwò òwú, ni a kì í sábà sọ, òun ni a sì fẹ́ fi ojú-ìwé yìí ròyìn.

A bí i ní Clapham, létí Lọ́ńdọ̀n, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, 1796. Bàbá rẹ̀, Alùfáà John Venn, ni ó ṣe alága ìpàdé tí a fi dá Ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní 1799. Wilberforce, ẹni tí ó jà títí òwò ẹrú fi dópin, sì jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàjèjì sí ọmọdékùnrin náà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ sì sùn ní 1813, kí ó tó wọ Yunifásítì Cambridge. Lẹ́yìn tí ó di àlùfáà, ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Drypool ní ìlú Hull, lẹ́yìn náà ní Holloway ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 1840 ni aya rẹ̀ Martha kú, ó sì fi ọmọ kéékèèké mẹ́ta sílẹ̀ fún un. (Ọ̀kan nínú wọn, tí ń jẹ́ John, ni ó wá di onímọ̀ ńlá ní Cambridge, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń pe àwọn òbìrí tí ó kọjá lórí ara wọn nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò.) Inú ìbànújẹ́ yìí ni ó wà nígbà tí a fi iṣẹ́ akọ̀wé lé e lọ́wọ́.

Ní 1841 kan náà ni àwọn ọkọ̀ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀n sì wí pé kí a fi ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ohun mìíràn ni Venn kọ́ nínú rẹ̀. Ó ríi pé ọmọ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe iṣẹ́ ìwàásù, ìbáà ṣe ti ọwọ́. Ó sì tún rí èyí pé bí àgbẹ̀ kò bá rí ohun tí yóò tà tí yóò fi jẹun, àwọn olówò ẹrú kò ní jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níwájú rẹ̀. Owó tí àwọn onígbàgbọ́ fi sí àpótí C.M.S., fún ìhìnrere ni wọ́n fi í sí. Ẹgbẹ́ náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní oníṣòwò. Kí ni Venn ṣe? Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ti bá Sir Thomas Fowell Buxton ṣiṣẹ́, ó sì fi wọ́n ṣe ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀, tí ó ní àpò owó ọ̀tọ̀, fún kíkọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ tí wọn yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn alùfáà nìkan kò lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ó kọ̀wé pé kí a fi òwú àti irè oko mìíràn ránṣẹ́ láti Áfíríkà fún àyẹ̀wò, ó sì wá àwọn tí wọ́n mọ ọjà náà dójú àmì láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni Thomas Clegg, tí ó ní ilé-iṣẹ́ òwú ní Manchester. Bí òwú bá délé pẹ̀lú kóró nínú, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ oko títóbi, ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú àti èyí tí a fi ń dì í pọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, kí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò sì wà nílẹ̀. Clegg fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ó ń gba òwú, ó sì ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Henry Robbin sì lọ kọ́ iṣẹ́ òwú ní Manchester. Nígbà tí ó padà, òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù wa, ni a fi Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́ ní Abẹ́òkúta lé lọ́wọ́. Ẹ kíyèsí i pé Venn kò fi òyìnbó ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Ohun tí ó ń wá gan-an ni pé kí òwò náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀, kí ó sì kúrò lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ àti lọ́wọ́ àjèjì pátápátá.

Òwú ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lórí Odò Ògùn lọ sí Èkó. Ní 1852, ìdì 9 péré ni ó dé ọ̀dọ̀ Clegg. Ní 1858, ó ti di 1,819. A kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí, nítorí pé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni a ti rà á, díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjì dé. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà sì dí, àní ní àkókò tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, sọ òwú di ohun ọ̀wọ́n ní Manchester. Nígbà tí òwú Amẹ́ríkà padà sí ọjà, iye owó já wálẹ̀. Ìfọ́lé ti 1867 sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta. Ilé-Ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ láyé bí Venn ti rò.

Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru ogun. Ní tiwa, a kò rò pé ogun nìkan ni. Lọ́ńdọ̀n ni ìgbìmọ̀ náà jókòó sí, Manchester sì ni ọjà rẹ̀ wà. Àwọn ahunṣọ, àwọn aláró àti àwọn alágbẹ̀dẹ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ti mọ òwú àti irin kí ajíhìnrere kankan tó dé, kò ní ìjókòó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ológun tí ọ̀nà wà ní ìkáwọ́ wọn kò ní. Ẹni tí a kò pè sí ìmọ̀ràn, ó ṣòro kí ó dáàbò bo ohun tí a gbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ Venn ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó ìgbà rẹ̀ lọ ní ti pé ó fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ di olórí. Alùfáà Townsend, ẹni tí a kò lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ láàrin wa, kọ̀ pé kí a fi ènìyàn dúdú ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Venn kò gbà fún un, ó sì rọ Crowther títí ó fi jẹ́, a sì yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Àní nígbà náà, a yọ Èkó àti Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Bí ilé náà tilẹ̀ wó, àwọn ènìyàn tí a kọ́ kù sílẹ̀. Ní 1855, nígbà tí Ìjọba ń wá ọ̀dọ́ tí a ó kọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn fún ọmọ-ogun, ọwọ́ C.M.S. ni a ti yan Africanus Horton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sàró. Robbin di oníṣòwò pàtàkì. James Davies, ọmọ ilé-ìwé C.M.S. ní Freetown, kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó di olówó ní Èkó, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi owó ran Alùfáà Macaulay lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣí C.M.S. Grammar School ní 1859.

Venn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1872, nígbà tí ara kò gbé e mọ́, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, 1873. Ní bí ọdún 1880 ni Davies bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége, ibẹ̀ ni àwọn ará wa kan sì ti gba irúgbìn kòkó lọ sí oko tiwọn.