Michael Imoudu: Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kó òṣìṣẹ́ lọ sílé Gómìnà

Tílẹ̀ bá ti mọ́ ní Ìgbògbò, ẹ wo àwọn tó ń wọkọ̀ lọ síléeṣẹ́ lápá Odògúnyàn. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má mọ orúkọ Imoudu. Àmọ́ bí wọ́n ṣe lè kóra jọ lónìí, kí wọ́n sì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó, ọwọ́ bàbá yìí wà ńbẹ̀.

Ọdún 1902 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Ora, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ló ti di gbajúmọ̀. Ó wọṣẹ́ níbẹ̀ ní 1929. Kò pẹ́ sígbà náà làwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí fáwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́: wákàtí tó ò bá ṣe, owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Inú ìbínú yìí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ti jáde, Imoudu sì di olórí wọn. Òfin tó fàyè gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1938, àwọn náà sì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ní 1940.

Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ọjà wọ́n gógó, owó iṣẹ́ ò kúrò lójú kan. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 1941, Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Èbúté Mẹ́ta dé ilé Gómìnà Bernard Bourdillon l'Érékùṣù Èkó. Gómìnà gbọ́ ẹjọ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba fún òṣìṣẹ́ lówó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ọdún yẹn náà, 1942, ni wọ́n dá ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, Lọ́ńdọ̀nù ti ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ èmi ò gbà pé ìrìn ọjọ́ yẹn ò ní ọwọ́ ńbẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀. Ní 1943, wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n sì fòfin ogun gbé e lọ sí Auchi. Ọdún méjì ló lò ńbẹ̀. Nígbà tó padà s'Ékòó lóṣù kẹfà 1945, èrò ya lọ pàdé ẹ̀ bí omi.

Láàárín oṣù yẹn kan náà ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ń fẹ́ sílè méjì àbọ̀ lójúmọ́ fún lébìrà, kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n ọjà. Ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ 44. Ta ló ń bọ́lé? Àwọn ìyàwó wọn tó ń tajà ni. Ibi tí mo rò pé ìtàn yìí ti dùn jù nìyẹn, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies darí ló padà gbà pé kí wọ́n fi ìdajì yẹn kún un, ní 1946.

Imoudu tún wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì 1964, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìjọba ológun fòfin dè é kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 1977. Ní 1986, ìjọba ológun míì fi orúkọ ẹ̀ sọ iléèwé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin. Ayé yìí náà!

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin iléeṣẹ́ tuntun jáde. Ó fún alábẹ̀wò ìjọba láṣẹ láti wọ iléeṣẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru, kó wo ìwé, kó sì bi òṣìṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ó tún ní kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 2002, iná jó iléeṣẹ́ kan nítòsí wa níbí, l'Ódògúnyàn. Ìròyìn ìgbà náà ni pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kú.

Imoudu ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ọdún 2005 ló kú, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.