Bess ti Hardwick, Obìnrin tí ó Kọ́ Ilé Tirẹ̀

Ẹkùn Derbyshire wà ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ olókè ni, òkúta tí a fi ń kọ́ ilé sì pọ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn ilé ńlá ẹkùn náà tí òkìkí wọn kàn jákèjádò ni Chatsworth àti Hardwick wà. Obìnrin kan náà ni ó fi ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì lélẹ̀. Elizabeth ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bess ti Hardwick ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1527 ni a bí Bess. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe tálákà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ilé kan àti ilẹ̀ oko ni ó ní ní Hardwick. Ọmọ ọwọ́ ni Bess wà nígbà tí bàbá náà kú. Ní ayé ìgbà náà, bí onílẹ̀ bá kú tí àrólé rẹ̀ kò sì tíì tójú bọ́, àwọn aṣojú ọba lè gba àkóso ilẹ̀ náà, kí wọn máa jẹ èrè rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi dàgbà. Báyìí ni apá kan nínú ilẹ̀ Hardwick ṣe bọ́ sí ọwọ́ àjèjì, tí nǹkan kò sì rọgbọ fún ìyá Bess àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Bess di ọ̀dọ́mọbìnrin, a fi í fún Robert Barlow. Ọmọdé ni ọkọ náà, kò pẹ́ kò jìnnà, ó kú ní òpin ọdún 1544. Ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ilẹ̀ ọkọ ni ó tọ́ sí opó lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n àwọn tí ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ wọn kọ̀ láti fún un. Bess kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Ní ọdún 1547, ó fẹ́ Sir William Cavendish, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú owó ọba. Cavendish ta ilẹ̀ rẹ̀ ní ibòmíràn kí ó lè ra ilẹ̀ ní Derbyshire tíí ṣe ilé ìyàwó rẹ̀. £600 ni wọ́n fi ra Chatsworth ní 1549, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ níbẹ̀ ní 1552. Ọmọ mẹ́jọ ni Bess bí fún un. Mẹ́fà ni ó yè. Ṣùgbọ́n Cavendish kú ní 1557, ó sì fi gbèsè tí ó lé ní £5,000 sílẹ̀ nínú ìwé ìṣúra ọba. Ilé kò tíì parí, gbèsè sì wà lọ́rùn opó. Síbẹ̀ Bess kò ta Chatsworth.

Ọkọ rẹ̀ kẹta, Sir William St Loe, tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọbabìnrin Elizabeth, ràn án lọ́wọ́ láti yanjú gbèsè náà. Nígbà tí òun pẹ̀lú kú, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún Bess. Ní nǹkan bí 1567 ni Bess wá fẹ́ ọkọ kẹrin, George Talbot, Ìjòyè Shrewsbury, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lówó jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbéyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ dáradára, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo kan já lé wọn lórí. Ní 1569, Ọbabìnrin Elizabeth fi Mary, ọbabìnrin ilẹ̀ Scotland tí ó wà ní ìgbèkùn, sí abẹ́ ìṣọ́ Shrewsbury. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ṣọ́ ọ. Owó tí a ń san fún un kò tó bọ́ Mary àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bess àti Mary a máa jókòó pọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ aláràbarà. Nígbà tí ó yá, ìfura àti ìjà gba gbogbo ilé kan. Shrewsbury ń fẹ́ gba Chatsworth, nítorí pé ní ìgbà náà, ọkọ ni ó ni ohun tí aya ní. Ní 1584, Bess fi ilé tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ sílẹ̀, ó sì padà sí Hardwick.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un. Gbèsè ti pa arákùnrin Bess tí ó jogún Hardwick kú sínú ẹ̀wọ̀n, Bess sì ti ra ilẹ̀ náà ní 1583. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilé bàbá rẹ̀ di ńlá. Nígbà tí ó di 1590 tí Shrewsbury kú, Bess ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ọdún náà gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun ní ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò tíì parí. Robert Smythson ni a gbà pé ó ya àwòrán rẹ̀. Inú ilẹ̀ Bess fúnra rẹ̀ ni a ti wa òkúta; ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ni a ti ṣe díńgí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1597, ó kó wọlé.

Ìyanu ni ilé náà. Díńgí wọ́n púpọ̀ ní ìgbà náà, ṣùgbọ́n fèrèsé ni ó gba ibi púpọ̀ jù lára ògiri Hardwick. Bí a ti ń gòkè ni àwọn fèrèsé náà ń tóbi sí i, nítorí pé àjà òkè pátápátá ni gbọ̀ngàn ìgbàlejò pàtàkì wà. Ilé ìṣọ́ mẹ́fà ni ó yọrí sókè, a sì gbẹ́ lẹ́tà E àti S, tí ó dúró fún Elizabeth Shrewsbury, sí orí wọn pẹ̀lú òkúta.

Ṣùgbọ́n ilé tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé Bess jáde di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ẹlòmíràn. Arbella Stuart, ọmọ ọmọ rẹ̀, jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọba, ó sì ṣeé ṣe kí ó gun orí ìtẹ́. Bess ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Nígbà tí ó di 1603, ó sú Arbella, ó sì gbìyànjú láti sá. Ìbínú mú kí ìyá àgbà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ogún. Ẹni tí ó ti jìyà ìfipágbàṣàkóso kò ranti pé ó ń dun ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Bess kú ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1608. Ilú Derby ni a sin ín sí. Àwọn ìran rẹ̀ tún Chatsworth kọ́ láti 1687, díẹ̀ ni ó sì hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Hardwick wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Ní 1959 ó bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ National Trust tí ń tọ́jú ilé àtijọ́. Ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti fẹ́ gba ẹ̀tọ́ Bess mọ́ ọn lọ́wọ́: ilé bàbá, ilé ọkọ àárọ̀, àti ilé ọkọ ìkẹyìn. Èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ọjọ́ ogbó ni kò sí ẹni tí ó lè gbà.