Dókítà John Randle àti Owó Omi Èkó

Bí a bá ń rìn ní Ṣómólú, ní àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti gbilẹ̀, a óò máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwòrán àwọn olóṣèlú ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń tẹ̀ jùlọ, kò sì ní pẹ́ tí a óò fi rí wọn lára ògiri káàkiri títí dé Bàrígà. Lábẹ́ ògiri kan náà ni àwọn ọmọdé ń gbà kọjá pẹ̀lú ike omi lórí, láti ibi tí wọ́n ti lọ rà á. Ẹni tí ó bá wo olóṣèlú lókè àti omi nísàlẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ omi mímu wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ mú kí àwọn ará Èkó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, dókítà oníṣègùn ni ó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni John Randle.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1855 ni a bí i ní Regent, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Thomas baba rẹ̀. Wọ́n ti tà á lẹ́rú kí àwọn òyìnbó tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì mú un gúnlẹ̀ sí Sàró gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ní ìgbà náà. Nígbà tí John dàgbà, ilé ìwòsàn ìjọba ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ìdí oògùn pípò. Ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀. Ní 1884 ó wọ Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, nígbà tí yóò sì fi di 1888 ó ti gba oyè dókítà, ó sì gba ẹ̀bùn wúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn. Ó padà wá sí Èkó, ìjọba sì gbà á sí iṣẹ́. Ní 1890 ó fẹ́ Victoria Davies, ọmọ Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì ìyàwó náà.

Ẹni tí ó kàwé tó báyìí, tí ó sì gbé irú ìyàwó báyìí, ẹ óò rò pé yóò bá àwọn ọ̀gá òyìnbó rẹ́ títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún dókítà aláwọ̀ dúdú kò tó èyí tí wọ́n ń san fún òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀, Randle kò sì jẹ́ ẹni tí í gbé ìyà mì. Òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń wo aláìsàn ní ilé tirẹ̀. Ní 1902 ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì là á pé òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa omi Èkó ní ìgbà náà, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí dúró lé. Erékùṣù oníyanrìn ni Èkó. Kò sí ibi tí a gbẹ́ níbẹ̀ tí omi kì í tètè sun, nítorí náà onílé púpọ̀ ni ó ní kànga tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ti í sun wọ inú kànga láti inú yanrìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ṣáláńgá lè gba inú yanrìn kan náà wọ̀ ọ́. Ojú kò lè rí i, ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n inú ọmọdé ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Randle kò lè ṣàìmọ èyí. Nígbà tí ó fi wà ní Edinburgh, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ní Yúróòpù ni ó ti mọ̀ pé omi ẹlẹ́gbin ní í gbé onígbáméjì láti ilé dé ilé.

Gómìnà Walter Egerton, tí ó dé Èkó ní 1904, gbèrò láti fa omi mímọ́ láti odò Ìjù, ní ọ̀nà Agége, wá sí erékùṣù. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n ìjọba ní àwọn ará ìlú ni yóò san owó omi náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àwọn ènìyàn ní kànga tí àwọn fi owó ara àwọn gbẹ́ kò tíì gbẹ. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ni ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí wọ́n san owó rẹ̀. Wọ́n tún ní ìdí mìíràn tí ó jinlẹ̀ ju ti owó lọ. Kò sí ọmọ Èkó kan tí ìlú dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìjọba, ní ìgbà yìí kan náà sì ni ìjọba ń fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kan. Bí wọ́n bá san owó omi lónìí, ta ni ó mọ̀ bóyá owó ilẹ̀ ni yóò kàn lọ́la?

Ní 1908 ni Randle àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ ìlú lórí ilẹ̀ àti lórí owó omi. Ìlú tẹ̀lé wọn. Wọ́n ti ọjà pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn sí gómìnà. Dókítà méjì ni ó ṣíwájú ogun tí a gbé ti omi mímọ́! Àwọn òyìnbó kan kà á sí àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà wọ̀nyí mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan dára, ọ̀tọ̀ sì ni kí a fi agbára gbé e ka ènìyàn lórí. Síbẹ̀, ọdún tí wọ́n fi ja ìjà náà, omi kànga ni àwọn ọmọdé Èkó ń mu. Kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé a fẹ́ràn akọni.

Iṣẹ́ kò dúró ní Ìjù. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1915, ó sì lè pèsè omi tí ó ju mílíọ̀nù méjì gálọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́. Ní 1916 owó omi dé. Ìlú tún gbóná, wọ́n sì yíjú sí People's Union. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ti rọ̀, wọn kò sì jà mọ́ bí wọ́n ti jà ní ìjelòó. Ẹ sì wò ó, omi ti dé, ó sì mọ́. Bóyá èyí ni dókítà inú Randle rí. Ohun tí ìlú rí yàtọ̀. Wọ́n ní ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ẹni tí ènìyàn wà ni a fi ń mọ ohun tí yóò sọ nípa omi. Àwọn Mùsùlùmí Èkó pàápàá pín sí méjì, apá kan wà pẹ̀lú àwọn tí ó bá ìjọba rẹ́, apá kejì wà lẹ́yìn Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kò. Herbert Macaulay ni ó di agbẹnusọ àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ọba. Ọmọ Thomas Babington Macaulay ni, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó kó lọ sí Bàrígà ní 1959, níbi tí ó wà títí di òní. Dókítà kọ́ ni Macaulay, oníwọ̀n-ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ omi ìlú gba tirẹ̀ gbọ́ ju ti dókítà lọ.

Ní 1923 àwọn ará Èkó dìbò yan ènìyàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin tí ó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò, nítorí náà àwọn ìyálọ́jà tí ó ti ọjà pa ní 1908 kò sí nínú rẹ̀. Randle àti Ọbasá gbìyànjú láti jí ẹgbẹ́ wọn dìde, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun tí Macaulay dá sílẹ̀, NNDP, ni ó gba gbogbo àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà fún Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, C. C. Adéníyì-Jones, dókítà ni òun náà! Nítorí náà kì í ṣe pé ìlú kórìíra oníṣègùn. Ẹgbẹ́ tí oníṣègùn wà ni wọ́n ń wò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ilé tí ó há mọ́ ara wọn ni eku fẹ́ràn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í pète láti wó wọn. Ìbẹ̀rù ilẹ̀ gbígbà tún dìde bíi ti àtijọ́. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ atúnlùúṣe, LEDB, sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Yábàá, tí kò jìnnà sí Ṣómólú, wà lára ibi tí wọ́n là sí àdúgbò tuntun lẹ́yìn náà.

Randle kò rí èyí. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 1928 ni ó kú. Ó fi owó sílẹ̀ fún Fourah Bay College ní Sàró kí wọ́n lè máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Èkó fi ń rántí rẹ̀ jù ni èyí tí ó ṣe ní Oníkan. Ó ti ń dun ún pé àwọn ọmọdé ń kú sínú ọ̀sà nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣe adágún tí a ó ti máa kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n kọ̀, ó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Lórí èyí, kò sí owó omi tí ìlú yóò san.

Wọ́n wó adágún àtijọ́ náà, wọ́n sì tún un kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí a fi orúkọ Randle pè, tí a ṣí ní 2023. Láti etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń tukọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà, a lè rí afárá gígùn tí àwọn ọkọ̀ ń gbà lọ sí erékùṣù Èkó. Oníkan kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún.