Otto Loewi

Otto Loewi (ọjọ́ 3 Oṣù Kẹfà ọdún 1873 – ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá ọdún 1961) jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn, ọmọ Júù tí a bí sí ìlú Frankfurt ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó fi ẹ̀rí hàn pé kẹ́míkà ni iṣan ìmọ̀lára fi ń jíṣẹ́ fún ọkàn. Òun àti Henry Dale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel fún Ìṣègùn ní ọdún 1936.

Ẹ̀kọ́ àti ìwádìí

Loewi gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Strasbourg ní ọdún 1896, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Graz ní Austríà ní ọdún 1909. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé iná mànàmáná ni ó ń gbé iṣẹ́ gba inú iṣan ìmọ̀lára kọjá. Ohun tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń kúrò ní orí iṣan dé ara ẹ̀yà tí a rán an sí.

Gẹ́gẹ́ bí Loewi ṣe ròyìn, ojú oorun ni ọ̀nà ìdánwò náà ti hàn sí i. Ó jí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tí ó kọ. Ní òru ọjọ́ kejì, èrò náà padà wá, ó sì lọ sí yàrá ìwádìí lójú ẹsẹ̀. Ó mú ọkàn àkèré méjì tí wọ́n ṣì ń lù. Ó fi iṣan ìmọ̀lára sílẹ̀ lára èkínní, ó sì yọ ọ́ kúrò lára èkejì. Nígbà tí ó fi iná mànàmáná kan iṣan ọkàn èkínní, lílù rẹ̀ falẹ̀. Ó bu omi iyọ̀ inú ọkàn yìí sínú èkejì, òun náà sì falẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí iṣan kankan tí ó so méjèèjì pọ̀, kẹ́míkà inú omi náà ni ó jíṣẹ́. Loewi tẹ àbájáde yìí jáde ní ọdún 1921. Acetylcholine ni orúkọ kẹ́míkà náà.

Ìgbèkùn àti ikú

Nígbà tí ìjọba Násì gba Austríà ní Oṣù Kẹta ọdún 1938, wọ́n mú Loewi àti méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ó rò pé wọn yóò pa òun, nítorí náà ó bẹ ẹ̀ṣọ́ fún káàdì ìfìwéránṣẹ́, ó sì kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ tuntun sórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ó má baà bá a kú. Wọn kò jẹ́ kí ó kúrò ní ìlú títí ó fi kó owó Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ó gba Bẹ́ljíọ̀mù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1940, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì New York, ó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1946. Ìlú New York ni ó kú sí.