Edgar Codd: Ẹni Tó Ya Òfo Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Òdo

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn oníkọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí Edgar Frank Codd ní Isle of Portland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Oxford, ó sì wa ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1948 ó kọjá sí New York, ó wọṣẹ́ ní IBM. Nígbà tó di 1953, bí Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy ṣe ń fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn kiri bí i nínú, ló bá kó lọ sí Kánádà. Ó padà sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní University of Michigan ní 1965. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà yẹn o!

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá nǹkan nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó síbẹ̀. Ní 1970, Codd kọ̀wé pé ká to gbogbo rẹ̀ sínú tébù bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Kí èèyàn sọ ohun tó fẹ́, kí kọ̀ǹpútà wá a fúnra rẹ̀. IBM ò tètè gbà, torí owó gidi ń wọlé fún wọn lórí IMS tí wọ́n ń tà. Codd ò jáwọ́. Nígbẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ IBM méjì, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, gbé èdè tí à ń pè ní SQL lónìí ka orí èrò rẹ̀. Ní 1981 wọ́n fún un ní Turing Award.

Ti null ló wù mí jù. Ká ní Bọ́lá ṣàìsàn, kò ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ṣé òdo ló gbà ni? Rárá o, kò tíì ní máàkì ni. Tí a bá kọ 0 fún un, a ti fà á lulẹ̀ láìṣẹ̀. Codd ní kí ibi tí a ò mọ nǹkan kan ní àmì tirẹ̀, tí kì í ṣe òdo. Òfin kẹta ló fi í ṣe nínú àwọn òfin tó gbé jáde ní 1985.

Ibẹ̀ náà ni kóòdù ti máa ń dà rú. Tí a bá béèrè àwọn tí máàkì wọn kéré sí 40, Bọ́lá ò ní jáde. Tí a bá béèrè àwọn tó gba 40 sókè, kò ní jáde náà! = NULL ò lè mú un, àfi IS NULL. Nínú Visual Basic, String ò lè gba null, ètò á kàn dúró ni. Variant ló lè gbà á. Bí DAO àti ADO bá sì jọ wà nínú ètò kan, ẹ má kọ Recordset lásán, kó má lọ mú èyí tí ẹ ò fẹ́. Tó bá jẹ́ ti ADO lẹ fẹ́, ADODB.Recordset ni kẹ́ ẹ kọ.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ti null. Chris Date, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ta kò ó gan-an. Codd ò yí ohùn padà títí tó fi kú ní Florida, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2003, lẹ́ni ọdún 79.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí a ò bá mọ̀, ká gbà pé a ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kọ́ ni ẹni tó fìdí rẹmi.